Tọkọtaya tó fẹ́ kó òwò kúrò l'Ékòó lọ s'Ìbàdàn: Ẹ̀yin méjèèjì ẹ má lọ lọ́jọ́ kan náà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ tọkọtaya oníṣòwò ń sọ l'Ékòó bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù tán, tí àwọn ọmọ sì ti sùn. Ọ̀rọ̀ náà ni pé, ṣé ká máa bá a lọ níbí ni, àbí ká palẹ̀ ẹrù mọ́, ká gba Ìbàdàn lọ? Ẹni tó ń sanwó ṣọ́ọ̀bù, tó ń sanwó ilé, tó ń sanwó iléèwé ọmọ, tó tún ń jókòó sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí ọ̀rọ̀ náà fún un.

Nǹkan tún wá le sí i láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kó tó dọjọ́ náà, iye tí ìjọba fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa ta lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, ó ti kọjá ₦480, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Oníṣòwò kékeré tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, tó sì ń wọ mọ́tò méjì kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ọ̀nà méjì ni epo ti ń jẹ ẹ́ lówó.

Ìbàdàn ló sì máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ìdí rẹ̀ ò farasin. Ìlú ńlá ni, ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló pín sí. Èdè wa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jìnnà. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kò wọ́n tó t'Èkó ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Tọkọtaya á jókòó, wọ́n á fi owó ilé Èkó wé ti Ìbàdàn, wọ́n á rí ìyàtọ̀ gbọọrọ, inú wọn á dùn, wọ́n á sì ránṣẹ́ pe ọlọ́kọ̀ akẹ́rù.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó ilé tó dínkù, èrè gidi ni, a ò ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà ni oníṣòwò fi ń jẹun. Ẹ̀rọ ìránṣọ ṣeé gbé sínú ọkọ̀, fíríìsà ṣeé gbé, àga àti tábìlì ṣeé gbé. Oníbàárà tó ti ń wá sọ́dọ̀ yín láti ọdún mẹ́wàá, ọlọ́jà ńlá tó ń kó ọjà àwìn fún yín nítorí pé ó mọ̀ yín, alájọ tó mọ ojúlé yín, gbogbo ìyẹn ò ṣeé dì sínú àpò. Ohun tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké lónìí kò ju èyí lọ: bí ẹ bá máa kó, ẹ kó, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan kọ́kọ́ lọ, kí ẹnì kejì dúró di ti ẹ̀yìn mú.

Àwọn tó ti kó ṣáájú wa

Kì í ṣe òní lọmọ Yorùbá ti ń gbé òwò rìn. Àìrìnjìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn baba àti ìyá wa sì rìn jìnnà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbóho àti Èjìgbò ti fẹsẹ̀ òwò tẹ Gáná dé òkè ọya wọn lọ́hùn-ún kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Títí dòní, bí ẹ bá dé Àbíjáànì, ẹ máa bá àwọn ọmọ Èjìgbò níbẹ̀ lójú ọjà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ kì í kó gbogbo ilé dání. Ọ̀dọ̀ ará ìlú rẹ̀ tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ ló máa dé sí. Á bá a tajà, á mọ ojú ọjà, á gbọ́ èdè wọn, kó tó wá dá dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó á tẹ̀lé e. Ọkọ á fún un ní owó díẹ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀, obìnrin náà á dá ọjà tirẹ̀ tà, àpò rẹ̀ á sì wà lọ́tọ̀. Bí ọjà ọkọ bá dákẹ́, tìyàwó á máa sọ̀rọ̀.

Àwọn èèyàn wọ̀nyí náà ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kejì, ẹ̀kọ́ náà sì korò. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gáná, lábẹ́ olórí ìjọba wọn, Kofi Busia, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ sílùú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ló jáde tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, àwọn tó jẹ wọ́n lówó ò san, ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ di ohun tí wọ́n ń wò lókèèrè. Ẹni tó ti kọ́lé sílé, tàbí tó ní ẹnìkan nílé tó ṣì ń tajà, ìyẹn ríbi fẹ̀yìn tì.

Kò sẹ́ni tó máa lé yín n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ò yí padà: ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan, ẹ má sì fi owó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ò ní í rí mọ́.

Irú òwò wo lẹ̀ ń ṣe?

Kí tọkọtaya tó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n bi ara wọn léèrè pé kí ló so oníbàárà mọ́ òwò àwọn. Ọ̀nà mẹ́ta lọ̀rọ̀ náà pín sí.

Àkọ́kọ́ ni òwò tó so mọ́ àdúgbò. Ẹni tó ń ta oúnjẹ, ẹni tó ń gẹrun, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ń ta ọṣẹ, mílíìkì àti búrẹ́dì, vọ́káníṣà, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Nítorí pé ẹ wà nítòsí ni wọ́n ṣe ń rà lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó wà nítòsí ni wọ́n máa lọ, wọn ò sì ṣẹ̀ yín. Irú òwò yìí, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ ní ìlú tuntun.

Ìkejì ni òwò tó so mọ́ èèyàn. Téèlọ̀ tó mọ aṣọ rán, ayàwòrán ìnáwó, ẹni tó ń ṣe kéèkì, ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngán. Ọwọ́ yín ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ojúlé yín. Oníbàárà tó fẹ́ràn bí ẹ ṣe ń rán bùbá máa fi aṣọ ránṣẹ́, tí ìdíwọ̀n rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé yín. Irú òwò báyìí ṣeé gbé rìn.

Ìkẹta ni òwò tó so mọ́ ọjà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ta èlùbọ́, gàárì, ẹ̀wà, iṣu tàbí ata l'Ékòó, tó jẹ́ pé láti ìta Èkó ni wọ́n ti ń kó o wá fún un. Ẹni yìí lè rí i pé ńṣe lòun ń sún mọ́ orísun. Bódìjà wà níbẹ̀ fún oúnjẹ, Ṣáṣá fún ata àti tòmátì, Ọjà Ọba fún oríṣiríṣi, Agbeni fún ọjà tí wọ́n ń rà ní páálí, Gbági tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ fún aṣọ. Bí ọkọ bá ń rà n'Ìbàdàn, tí ìyàwó ń tà l'Ékòó, èrè tí wọ́n ti ń fún aláròóbọ̀ tẹ́lẹ̀ lè wọ inú ilé.

Bí òwò ọkọ bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí tìyàwó jẹ́ ti ìkejì, ìdáhùn ti wà nílẹ̀. Ìyàwó ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ò ní í fẹ́ gbọ́ èyí, torí àṣà wa ni pé ọkọ ló ń ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó la ń sọ, ẹni tí oníbàárà rẹ̀ lè tẹ̀lé ló yẹ kó ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn owó tí a fẹ́ kọ yìí. Kí kálukú fi iye tirẹ̀ dípò wọn. Ọkọ ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Agége, ìyàwó jẹ́ téèlọ̀ níbẹ̀ náà. Wọ́n ń san ₦1,200,000 fún ilé lọ́dún, ₦500,000 fún ṣọ́ọ̀bù ìyàwó, ₦300,000 fún ti ọkọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,000,000. N'Ìbàdàn, wọ́n rí ilé ₦600,000, ṣọ́ọ̀bù ₦250,000 àti ₦150,000. Àpapọ̀ ìyẹn jẹ́ ₦1,000,000. Mílíọ̀nù kan náírà ni wọ́n máa fi pamọ́ lọ́dún. Ó dùn ún gbọ́.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ kejì ìwé. L'Ékòó, ìyàwó ń jèrè ₦200,000 lóṣù, ọkọ ń jèrè ₦150,000. Tá a bá yọ owó ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù kúrò, ilé wọn ń ná ₦180,000 lóṣù lórí oúnjẹ, iléèwé àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ kó lọ lọ́jọ́ kan náà, ká ní èrè àwọn méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ ₦100,000 lóṣù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó sì di ₦200,000 ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e. Àdánù wọn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ₦750,000, ti oṣù mẹ́ta kejì jẹ́ ₦450,000. Ìyẹn ₦1,200,000 láàrin oṣù mẹ́fà. Tí wọ́n bá ná ₦400,000 lórí ọkọ̀ akẹ́rù, owó agbódegbà àti owó àdéhùn ilé, ó di ₦1,600,000. Mílíọ̀nù kan tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kó kò tó o san.

Èyí tó tún burú jù ni ti oṣù kọ̀ọ̀kan. Ilé tó ń ná ₦180,000, tí ₦100,000 ń wọlé fún, ₦80,000 ló máa ń dín lóṣù. Ibo ni wọ́n ti máa rí i? Nínú owó òwò ni. Owó tó yẹ kó ra òwú, bọ́tìnnì àti gáàsì fíríìjì ni wọ́n máa fi ra ìrẹsì. Oníbàárà tuntun á wá dé, kò ní í bá ohun èlò nílẹ̀. Bí òwò tó dáa ṣe ń kú nìyẹn, tí àwọn èèyàn á máa sọ pé Ìbàdàn ò gbè wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbà á ọ̀nà kejì. Owó ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù ìyàwó parí, wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ s'Ìbàdàn. Owó ṣọ́ọ̀bù ọkọ ṣì ku oṣù mẹ́fà; ó dúró, ó ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn oníbàárà ìyàwó tó wà l'Ékòó ń já aṣọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ, ọkọ ń kó o lọ bó bá ń lọ wo ilé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó sì ń kó èyí tí wọ́n ti rán bọ̀. Ká ní èrè ìyàwó wálẹ̀ sí ₦120,000 lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kó gòkè sí ₦160,000 lóṣù mẹ́ta kejì. Èrè ọkọ ò yẹ̀, ₦150,000 náà ni. Ẹ yọ ₦30,000 fún owó ọkọ̀ àti ohun tó ń fi sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oṣù tó burú jù fún wọn, ₦240,000 ló wọlé. Ilé ń ná ₦180,000. Kò sí oṣù kan tí wọ́n fọwọ́ kan owó òwò.

Nígbà tí ọkọ bá wá kó lọ, èrè tirẹ̀ náà máa wálẹ̀, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọwọ́ ìyàwó ti ń padà sípò, ó ti mọ àdúgbò, ó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọkọ òun ń tún fíríìjì ṣe. Kì í ṣe àlejò ló ń bọ̀ mọ́. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ méjèèjì bá jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, igbá á fọ́.

Kí ẹ tó sanwó ṣọ́ọ̀bù

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe gba ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù. Ẹ lọ jókòó síwájú rẹ̀ láàárọ̀, ẹ tún lọ lọ́sàn-án, ẹ tún lọ nírọ̀lẹ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ tún lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ka àwọn tó ń kọjá, ẹ wo àwọn tó ń dúró rajà, kì í ṣe àwọn tó ń sáré lọ wọkọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí pé kí ló dé tí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tẹ́lẹ̀ fi kó jáde. Ìdáhùn yẹn nìkan lè gba ọdún kan lówó yín sílẹ̀.

Ẹ béèrè nípa omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Ìbàdàn á rántí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbé èèyàn, ilé àti ọjà lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀, ó sì ba dúkìá rẹpẹtẹ jẹ́ káàkiri ìlú. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá odò lè dínwó. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè ibi tí omi dé lọ́dún 2011 kẹ́ ẹ tó yọwó. Aṣọ àwọn oníbàárà àti fíríìjì onífíríìjì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sọ́nà omi.

Ẹ béèrè nípa iná. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún. Àdúgbò méjì tó fara kanra lè má wà lórí ìlà kan náà. Ẹni tó ń lọ aṣọ, tó ń fi ẹ̀rọ oníná ránṣọ, tó ń jó irin tàbí tó ń ta ohun tútù, kó mọ ìlà tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, kó mọ iye wákàtí tí iná ń wà lóòótọ́, kó sì bi ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí léèrè iye tó ń ná lórí iná lóṣù. Ṣọ́ọ̀bù tí owó rẹ̀ kéré, tí kò sí iná níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló máa gba owó yòókù.

Ẹ béèrè nípa ẹgbẹ́. Téèlọ̀ ní ẹgbẹ́, vọ́káníṣà ní ẹgbẹ́, àwọn tó ń dirun ní ẹgbẹ́, ọjà kọ̀ọ̀kan ní àwọn àgbà tirẹ̀. Ẹ lọ kí wọn kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ mọ owó ìwọlé, ẹ mọ ọjọ́ ìpàdé, ẹ mọ iye tí wọ́n fẹnu kò sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà tó kéré ju ú lọ. Àlejò tó kọ́kọ́ kí onílé, onílé ló máa ń júwe oníbàárà fún un.

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn

Ohun tó mú kí ọ̀nà ẹnìkan ń lọ, ẹnìkan ń dúró yìí ṣeé ṣe ni pé ìlú méjèèjì sún mọ́ra. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin ti so wọ́n pọ̀. Ọdún 1901 ni reluwé àkọ́kọ́ láti Èkó wọ Ìbàdàn. Èyí tuntun, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí lọ́jọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, jẹ́ kìlómítà 157, láti Ẹ̀bùté Mẹ́ta gba Agége àti Abẹ́òkúta dé Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà márosẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ẹ fi òye sí i. Ọkọ̀ ojú irin ní àsìkò tirẹ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kì í sì í lọ lemọ́lemọ́ bíi bọ́ọ̀sì. Mọ́níyà wà lápá ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ń gbé ní Challenge tàbí Ring Road ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn gba inú ìlú kọjá. Owó ìyẹn àti wákàtí ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa wá s'Ékòó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́, kí àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n. Oníbàárà á ní sùúrù fún ọjọ́ tó mọ̀. Èyí tí kò mọ̀ ló ń bí i nínú.

Nọ́ńbà fóònù yín, ẹ má pa á dà. Bí ilé yí padà, tí ṣọ́ọ̀bù yí padà, nọ́ńbà yẹn ni páátákó tó kù fún yín l'Ékòó. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó, ẹ má fi í sínú fóònù nìkan, torí fóònù lè sọnù.

Ìwé àti owó orí

Ẹni tó bá ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ CAC kò ní láti forúkọ mìíràn sílẹ̀ nítorí pé ó kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Káàkiri Nàìjíríà ni ìwé náà ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó pọn dandan ni pé kí wọ́n sọ fún CAC pé àdírẹ́sì ti yí padà, kí ìwé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ má lọ sọnù sí ojúlé àtijọ́.

Ní ti owó orí, ìpínlẹ̀ tí ẹni tó ń dá òwò ṣe ń gbé ló máa ń san án fún. Bí ẹ bá ti di ará Ìbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lẹ máa san án fún, kì í ṣe Èkó mọ́. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí owó tẹ́ ẹ ti san l'Ékòó, kẹ́ ẹ rí i fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá béèrè. Ẹ sì rántí pé lábẹ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí èèyàn san owó orí lé lórí lọ́dún, wọn kì í gba owó orí kankan lórí ẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde sílẹ̀, kò ní í mọ̀ bóyá ó kan òun tàbí kò kan òun.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya gan-an

Oko kì í jẹ́ ti baba àti tọmọ kó má láàlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù tọkọtaya. Kẹ́ ẹ tó kó, ẹ jókòó sọ ọ́ pé orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sórí ìwé ilé, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sórí ti ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń san owó iléèwé ní àwọn oṣù tí èrè wálẹ̀? Bí ìyàwó bá lo owó òwò rẹ̀ láti san owó ilé tuntun, ṣé ẹ̀yáwó ni àbí ìrànlọ́wọ́? Ohun tí kò tó nǹkan lójú lónìí ló máa ń di ìjà lóṣù kẹrin, nígbà tí àárẹ̀ bá ti mú ara, tí owó ò sì tíì yọjú.

Ọ̀rọ̀ ìjìnnà náà wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà tí ọkọ wà l'Ékòó, tí ìyàwó dá wà pẹ̀lú ọmọ n'Ìbàdàn, kì í ṣe ohun kékeré nínú ilé. Obìnrin ló máa gbé ọmọ lọ síléèwé tuntun, òun ló máa wá oníbàárà, òun ló máa bá onílé sọ̀rọ̀. Bí ìyá tàbí àbúrò kan bá wà tó lè bá a gbé fúngbà díẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ sì fi ọjọ́ tó máa parí sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé oṣù báyìí ni ọkọ ń bọ̀. Ìdádúró tí kò ní ọjọ́ lórí lè wá di pé ẹnìkan ń gbé Èkó, ẹnìkan ń gbé Ìbàdàn, ilé pín sí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí kíkó náà bọ́ sí àsìkò ọlidé gígùn àwọn ọmọ, kí wọ́n má baà fi ìdajì ìwé kíkà sílẹ̀.

Bí ẹ bá wà nínú àjọ, ẹ dá a parí kẹ́ ẹ tó kó. Ẹni tó ti kó owó àjọ, tó wá palẹ̀ mọ́ kó tó dá èyí tó kù, ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ l'Ékòó, ó sì lè tún nílò Èkó lọ́la. Gbèsè ọlọ́jà ńlá, ẹ san án, kẹ́ ẹ sì sọ fún un ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ọlọ́jà tẹ́ ẹ san gbèsè rẹ̀ délẹ̀délẹ̀ lè máa fi ọjà ránṣẹ́ sí yín n'Ìbàdàn. Àwìn tí àwọn èèyàn rà lọ́wọ́ yín, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó kéde pé ẹ ń lọ. Ọ̀pọ̀ ajigbèsè ni kì í rántí gbèsè mọ́ bí ó bá ti rí ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó kẹ́yìn ni pé kí tọkọtaya fẹnu kò lórí àmì tí wọ́n máa fi mọ̀ pé kò bọ́ sí i. Bí oṣù mẹ́sàn-án bá pé, tí èrè ò tíì tó iye báyìí, kí la máa ṣe? Ṣé a máa pààrọ̀ àdúgbò ni, ṣé a máa pààrọ̀ òwò ni, àbí a máa padà? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kò sì sí ìtìjú nínú kí èèyàn yà sí ọ̀nà mìíràn. Ìtìjú wà nínú kí èèyàn máa jẹ owó òwò títí tó fi tán, torí pé kò fẹ́ kí àwọn ará ilé sọ pé ó padà.

Ìbàdàn gba èèyàn, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn, yóò sì gbà yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé èkejì. Kí Ọlọ́run fi ọ̀nà ire hàn wá.